Ta Ní Ń Kọ Ebè Sábẹ́ Omi?

Ẹ̀yin tí ẹ rí ìjókòó, ẹ tẹ̀dí mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà lóòró, ẹ fara ti ògiri, nítorí ìtàn tí mo gbé wá yìí gùn ju àlejò tí kò mọ̀gbà tó yẹ kó lọ. Èmi Ògúndìran ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí mo fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lé ẹfọ̀n méjì wọ odò. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gún ló gún ẹsẹ̀ kejì. Mo ti rí iwin tó fi irùngbọ̀n ara rẹ̀ hun ẹní, tó tún ń kiri ẹní náà fún mi. Síbẹ̀, ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ nínú igbó, ènìyàn bíi tiwa ni: ó wọ bàtà aláwọ tó ń dán, ó ká ìwé sábẹ́ abíyá, ó sì ń bi mí ní ọ̀nà ìlú Yanrìn.

"Bàbá ọdẹ, irọ́ ti bẹ̀rẹ̀!"

Ẹ gbọ́ ohùn Tíṣà Oyèékànmí. Tíṣà, òótọ́ a máa korò. Irọ́ ni mo fi ṣe oyin sí i lórí. Lá a ná kí o tó tutọ́.

Láṣebìkan lorúkọ ọkùnrin yẹn. Ọmọ Àwẹ̀ró ni, ìyá awayanrìn ní ìlú Etídò. Iṣẹ́ awayanrìn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ: Àwẹ̀ró á wọ odò dé ìbàdí, á ki apẹ̀rẹ̀ bọ ìsàlẹ̀, á gbé e jáde, omi á jò, yanrìn á kù, á rù ú gun bèbè fún àwọn bíríkìlà. Yanrìn yìí ló fi bọ́ Láṣebìkan, òun náà ló fi rán an nílé-ìwé. Nígbà tí Láṣebìkan ò tíì ju ẹni ọdún méje lọ, ó wo ìsàlẹ̀ omi tó mọ́ gaara, ó rí i pé yanrìn ibẹ̀ to ara wọn ní ebè ebè, poro poro, bí oko iṣu.

Ó ní, "Màmá, ta ní ń kọ ebè sábẹ́ omi?"

Àwẹ̀ró ní, "Ọmọ mi, gbé apẹ̀rẹ̀."

Kò gbé apẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè ló gbé, ó gbé e lọ sí yunifásítì, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún.

Níbẹ̀, ó kan àpótí díńgí kan tó gùn bí ìhà ilé mẹ́ta. Ó da yanrìn sí i, ó tú omi sí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó. Ó wo hóró yanrìn títí ojú fi ń ti hóró yanrìn. Ó kọ ìwé onírinwó ojú-ewé lórí bí hóró kan ṣe ń yí. Ènìyàn mẹ́fà ló kà á: òun fúnra rẹ̀, ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́, àti àwọn mẹ́rin tó ń wá àṣìṣe kiri inú rẹ̀. Ó fẹ́yàwó. Ìyàwó ní, "Láṣebìkan, wò mí." Ó ní, "Dúró ná, ìwọ kì í ṣàn." Bí ìyàwó ṣe ṣàn jáde nìyẹn, kò ṣàn padà.

Wọ́n sọ ọ́ di Ọ̀mọ̀wé. Ọ̀mọ̀wé wá sọ pé òun yóò kọ́lé fún ìyá òun. Ọmọ gidi! Ṣùgbọ́n ibo ló kọ́ ọ sí? Ní Etídò, odò Ọ̀yẹ̀rẹ̀ ṣẹ́ kọ́rọ̀ bí apá ènìyàn. Ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ odò náà gan-an ni Láṣebìkan fi ìpìlẹ̀ sọ. Ó ní bí òun bá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ níbẹ̀, òun á máa rí omi dáadáa.

Àwẹ̀ró dúró, ó na apá rẹ̀ síwájú, ó ṣẹ́ ẹ po. "Láṣebìkan, wo apá mi. Inú ìgbọ̀nwọ́ la fi ń gbé ọmọ. Ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ la fi ń jà. Bẹ́ẹ̀ náà lodò rí. Kọ́ ọ sí inú lọ́hùn-ún, níbi tí yanrìn ń sùn sí."

"Màmá, nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló kàwé?"

"Ìwọ ni."

"Ta ló wá mọ odò?"

Ọmọ tó bá dé ibi tó ti ń pa ìyá rẹ̀ lẹ́nu mọ́, kí ará ilé tètè lọ wá ọkọ̀ ojú omi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílé, ogójì ìgbésẹ̀ ló wà láàárín ilé àti omi. Odò ń jẹ mẹ́rin ní ìgbà òjò kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń jẹ àkàrà tí kò kánjú. Nígbà tó ku méjìlá, Àwẹ̀ró ránṣẹ́: "Omi ti gbé igi ọsàn lọ. Wá wò mí." Láṣebìkan fèsì: "Ẹ ní sùúrù, Màmá. Ìgbìmọ̀ fẹ́ sọ mí di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí mo bá ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n, odò á máa gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

Òótọ́ ni, ìgbìmọ̀ pè é. Àgbà méje tí wọ́n wọ agbádá dúdú, tí ìkankan wọn kò tíì fẹsẹ̀ kan odò rí. Alága wọn wúkọ́, ó ní, "Láṣebìkan, ọgbọ̀n ọdún lo fi ń sọ gíga ebè abẹ́ omi fún wa, o sọ ìbú rẹ̀, o sọ aládùúgbò rẹ̀. Ta ní ń kọ ọ́? Lọ béèrè ní ìlú Yanrìn. Bí o bá mú ìdáhùn bọ̀, fìlà Ọ̀jọ̀gbọ́n di tìrẹ. Bí o kò bá mú un bọ̀, Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n máa kọ sára pósí rẹ."

Ìgbà yẹn ló kọjá ní ahéré mi. Mo bu omi fún un, mo gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, mo ní, "Ọmọ mi, ilé ìyá rẹ ń wọ omi, ìwọ ń wọ igbó?"

Ó ní, "Bàbá ọdẹ, inú ìwé wo lẹ kọ ìyẹn sí?"

Mo ní ojú ni mo fi rí i. Ó ní ojú kì í ṣe ìwé. Ó gbé ife mi kalẹ̀, ó kọjá lọ. Ìyókù tí n óò sọ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, ẹkún sì ń bẹ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, nítorí náà Tíṣà, gbé irọ́ rẹ lọ bá a.

Igbó Ayẹ̀wéwò ló kọ́kọ́ bọ́ sí. Iwin ni Ayẹ̀wéwò: ẹ̀yìn orí ni ojú rẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti ẹ̀yìn ló ti ń ka ìwé. Òkìtì tó jókòó lé, awò ojú àwọn ọ̀mọ̀wé ni, àti bàtà wọn lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó na ọwọ́ sí Láṣebìkan: "Gbé e wá." Ó ṣí ìwé onírinwó ojú-ewé náà láti ibi tó parí sí, níbi tí Láṣebìkan to orúkọ àwọn tó ti kọ̀wé ṣáájú rẹ̀ sí. Ó fi èékánná tọ orúkọ náà lọ sókè, ó tọ̀ ọ́ bọ̀ sílẹ̀. Ojú igbó ṣú.

"Èmi dà?"

"Ta lẹ̀yin, sà?"

Háà! Ìdí igi mẹ́ta ló tú lẹ́ẹ̀kan náà. "Irinwó ojú-ewé! O kò kì mí lẹ́ẹ̀kan!"

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí Láṣebìkan nínú. Ó mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìmọ̀ jinlẹ̀ níbi yìí, oríkì ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gbé ohùn sókè: "Ayẹ̀wéwò, ọmọ afìbínú-kàwé! Ọmọ arí-koma-tó-sọnù-má-rí-ọ̀rọ̀! Ó kọ ìwé kan ṣoṣo lógójì ọdún sẹ́yìn, ó ń fi yangàn títí dòní! Bí ẹ kò bá kọ tiyín, ta ni ì bá mọ̀ pé omi máa ń tutù?"

Iwin rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó wú bí búrẹ́dì. Ó ní, "Ìwé yìí jinlẹ̀! Tuntun ni ìwé yìí!" Ó ní kó máa lọ, ohun kan péré ló kù: gbogbo ibi tó bá ti kọ "ṣùgbọ́n," kó pa á rẹ́, kó kọ "àmọ́." Láṣebìkan jókòó, ó fi odindi ìgbà òjò kan ṣe é. Nígbà tó fi máa dìde, ó ku ìgbésẹ̀ mẹ́jọ láàárín odò àti ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n mu omi díẹ̀. Èmi ò ní kí ẹ kì mí kí n tó tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́, n kò ní bínú.

Ìlú kejì ni Omi-Tààrà. Ṣé ẹ rántí àpótí díńgí? Ìlú tí gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí díńgí ni. Omi ibẹ̀ kì í yà sọ́tùn-ún, kì í yà sósì. Bí agogo bá lù, omi á ṣàn. Bí oúnjẹ ọ̀sán bá tó, wọ́n á ti omi pa, omi náà á lọ jẹun. Hóró yanrìn tó wà níbẹ̀ dọ́gba bí ẹyin àparò. Asẹ́ ni wọ́n fi ń sẹ́ ọmọ tuntun, èyí tó bá tóbi ju ihò lọ, ẹrú ni.

Bí wọ́n ṣe rí Láṣebìkan ni ijó dé. "Ẹni tó kọ ìtàn wa rèé!" Wọ́n gbé e ka orí àga. Olómitààrà, ọba wọn, fà á mọ́ra.

"Láṣebìkan, a gbọ́ pé omi kan wà níta tó máa ń ṣẹ́ kọ́rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí."

"Ta ló fún un láṣẹ?"

Ìjòyè kan ní, "Wọ́n ní ó tún máa ń gbé ewé, ó ń gbé igi, ó ń gbé òkú ewúrẹ́."

Ọba ní, "Nígbà náà, kì í ṣe omi. Omi tó ń ṣàìsàn ni." Gbogbo ààfin rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ṣubú, gbogbo wọn sì ṣubú sí apá kan náà.

Láṣebìkan rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nílé ayé rẹ̀, ibí ni ibi àkọ́kọ́ tí ohun tó kọ sílẹ̀ àti ohun tó ń fojú rí ti bára mu. Ó jẹ, ó mu, ó na ẹsẹ̀. Ó rò pé ọ̀sán kan ni òun lò. Ọdún kan ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í joyè, ó ń jó bọ̀, hóró yanrìn kan já bọ́ láti inú bàtà rẹ̀. Hóró ńlá! Pupa, onígun mẹ́ta, tó rí ṣákiṣàki. Àwọn obìnrin figbe bọnu. Asẹ́ ààfin ya.

Olómitààrà dìde. "Láṣebìkan! Ibo nìyí ti wá?"

Láṣebìkan mọ hóró yìí. Láti bèbè odò ìyá rẹ̀ ni. Ó wo oyè tí wọ́n gbé sọ́wọ́, ó wo hóró tó wà nílẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, n kò mọ̀ ọ́n rí."

Hóró yanrìn la ẹnu. "Ó mọ̀ mí o! Èmi ni mo wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá rìn. Ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, ó ṣubú, ó sunkún, Àwẹ̀ró sì bú èmi!"

Ọba ní kí wọ́n ṣí ihò ìdọ̀tí. Láti orí àga oyè, inú ihò ìdọ̀tí tààrà: òun àti hóró yanrìn jọ bá a lọ ni, wùù! Ó ku ìgbésẹ̀ mẹ́rin.

Tíṣà Oyèékànmí ń kọ nǹkan sínú ìwé. Kí lò ń kọ, Tíṣà?

"Mò ń ka ìgbésẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ máa bá a lọ jàre, ìyá wà nínú ilé."

Ẹ rí i? Irọ́ ti ń dùn.

Ibi tí ihò ìdọ̀tí náà tú wọn sí, ìlú Yanrìn gan-an ni. Ohun tó ń ṣọ́ láti ọgbọ̀n ọdún wá wà níwájú rẹ̀, ó ga ju ilé lọ: ebè! Ebè lẹ́yìn ebè, wọ́n sì ń rìn. Hóró kan á pọ́n ẹ̀yìn ebè lọ díẹ̀díẹ̀, á dé ṣóńṣó, á ní "Mo ti débẹ̀!", á ré lulẹ̀ níwájú, àwọn tó tẹ̀lé e á sì ré lé e lórí, á di ẹni tí wọ́n sin sísàlẹ̀. Á dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí gbogbo ebè á fi gba orí rẹ̀ kọjá, á tún rí ìmọ́lẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Láṣebìkan wò ó, ó ní, "Ilé iṣẹ́ wa nìyí!" Ó jókòó tì í, ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó rò pé ìṣẹ́jú kan ni. Ìgbà òjò kan ni.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó kígbe pe hóró pupa tó bá a wá: "Jọ̀ọ́, ta ní ń kọ ebè yìí?"

Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yanrìn, bí òjò lórí páànù ló ṣe ń dún.

Hóró pupa ní, "Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́. Ẹnì kan ṣubú. Ẹnì kejì rí i pé omi kò fẹ́ débi ẹ̀yìn rẹ̀, ó sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹnì kẹta rí ẹni méjì, ó rò pé ìpàdé ni, ó jókòó. Bí ebè ṣe ń di ebè nìyẹn. Bí ìgbìmọ̀ yín ṣe di ìgbìmọ̀ náà nìyẹn."

Láṣebìkan fò sókè. Ó rí i! Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà méjì sí i nídìí, ó yíjú, ó fẹ́ máa lọ gba fìlà.

"Dúró ná," hóró pupa ní. "O bi mí ní ọ̀kan, èmi náà á bi ọ́. Níbo ni omi ti máa ń sọ̀ wá kalẹ̀?"

"Níbi tí kò ti kánjú. Inú ìgbọ̀nwọ́ odò. Ojú-ewé kẹrìndínláàádọ́ta."

"Níbo ló ti ń kó wa?"

"Níbi tó ti ń kánjú. Ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́. Ojú-ewé kẹtàdínláàádọ́ta."

"Ilé ta ló wà lẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́ Ọ̀yẹ̀rẹ̀?"

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Láṣebìkan. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń ṣí ojú-ewé méjì yẹn, kò ṣí wọn sí ẹnu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ rí. Ó ní, "Ìgbésẹ̀ mélòó ló kù?"

"A kì í fi ìgbésẹ̀ kà á mọ́. Ìka ẹsẹ̀ la fi ń kà á."

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí etu sáré, ẹ kò tíì rí eré. Ọkùnrin yìí la Omi-Tààrà já, díńgí fọ́. Ó gba igbó Ayẹ̀wéwò kọjá. Iwin ní "Mo ti tún èrò pa, dá 'ṣùgbọ́n' padà," Láṣebìkan fi ìwé náà gbá a lójú. Ó gba iwájú ahéré mi, mo ní "Ẹ kú ìrìn," kíkí mi ò bá a. Oòrùn kò tíì yẹ àtàrí tó fi dé Etídò.

Gbogbo ìlú ti pé sí bèbè odò. Ìgbìmọ̀ náà ti dé, wọ́n ti gbọ́ fìn-ín pé ó rí ìdáhùn. Àwọn méjèèje to àga sí etí omi gan-an níbi ilé náà, nítorí wọ́n ní ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń rí omi dáadáa. Fìlà Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lórí ìtìmùtìmù, dúdú, onígun mẹ́rin, ìdì òwú rẹ̀ ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Odò ń lá àtẹ̀gùn ilé. Àwẹ̀ró jókòó sórí àga lọ́ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ká apá lé àyà.

"Ìyá Láṣebìkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde!" Àwọn awayanrìn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́.

"N kò ní jáde. Ọmọ mi tó mọ odò ló gbé mi síbí. Bí mo bá jáde, ẹ ó ní ọmọ Àwẹ̀ró kò mọ nǹkan kan."

Láṣebìkan fọwọ́ lérí. "Màmá! Ẹ jáde!"

"Ìwọ ta nìyẹn?"

"Èmi Láṣebìkan ni!"

"Ọ̀mọ̀wé tó mọ odò?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ó dáa. O wá sọ pé ilé yìí kò léwu ni, àbí?"

Ògiri ẹ̀yìn dún gbìì. Alága ìgbìmọ̀ fa Láṣebìkan létí aṣọ, ó sọ̀rọ̀ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ṣọ́ ẹnu rẹ. Fìlà nìyí. Ẹni tó fẹ́ di Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í jẹ́wọ́ àṣìṣe lójú ọjà. Ìsàlẹ̀ ìwé ló máa ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́wẹ́."

Láṣebìkan wo fìlà. Ẹ má purọ́ fún ara yín, ẹ̀yin náà ì bá wò ó. Ọgbọ̀n ọdún! Ó wo ìyá rẹ̀. Àtẹ̀gùn kan yọ́ sínú omi. Ẹnu rẹ̀ yà, ohun tó sì jáde, wọ́n gbọ́ ọ ní òdìkejì odò:

"Ẹ gbọ́ o, ará Etídò! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wo omi, n kò mọ odò! Àṣìṣe ni mo kọ́ síbí! Ìyá mi sọ ọ́ fún mi, mo fi ìwé dí i lẹ́nu! Òun ló mọ odò, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n!"

Àwẹ̀ró dìde. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó gbé àga rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó bọ́ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé ẹ̀gbẹ́ bí ọmọge. "Ó tó," ó ní. Kò tíì rìn ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ tí ọ̀ọ̀dẹ̀ fi lọ. Ògiri tẹ̀lé e. Páànù ló lọ kẹ́yìn, ó ń dún bí ẹni tí kò fẹ́ lọ.

"Màmá, ẹrù yín!" Láṣebìkan figbe ta.

"Ẹrù wo? Ẹrù mi ti wà nínú ìgbọ̀nwọ́ láti ọjọ́ tí igi ọsàn ti ṣubú." Ó nawọ́ síbẹ̀. Ní tòótọ́, ahéré kékeré kan wà lórí yanrìn lọ́hùn-ún, èéfín ń yọ ní àdògán rẹ̀. "Ọ̀sán nìkan ni mò ń wá jókòó síbí. Àga yìí ló kù."

"Kí wá lẹ ń jókòó dè?"

"Ìwọ."

Ẹ̀yin ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi, àádọ́ta ọdún ni mo fi dẹ pàkúté. Mo fi ẹyìn dẹ ẹ́, mo fi ẹja dẹ ẹ́. N kò rí i rí pé kí ẹni tó dẹ pàkúté fi ara rẹ̀ ṣe ìjẹ.

Ìgbìmọ̀ ń jiyàn lọ́wọ́. Mẹ́ta ní kí wọ́n fún un ní fìlà nítorí ìdáhùn rẹ̀, mẹ́ta ní kí wọ́n má fún un nítorí ẹnu rẹ̀. Alága dìde kó dá sí i, ó fẹsẹ̀ lélẹ̀ gbì láti pe àkíyèsí. Bèbè gba àkíyèsí náà. Alága ré sómi, ẹnì kejì dì í mú, ẹnì kẹta rò pé ìpàdé ni. Apẹ̀rẹ̀ ni àwọn awayanrìn fi kó wọn jáde, wọ́n jẹ́ kí omi jò lára wọn dáadáa kí wọ́n tó sọ̀ wọ́n kalẹ̀.

Fìlà ni kò ríbi dì mú. Ó ń yí lọ lójú omi, ó kánjú gba ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ kọjá, ó yí, ó dẹ ẹsẹ̀, ó sì rọra gúnlẹ̀ sí inú ìgbọ̀nwọ́, níwájú ahéré Àwẹ̀ró pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yanrìn sì bẹ̀rẹ̀ sí kún inú rẹ̀.

Láṣebìkan fò sókè bí ọmọdé. "Ojú-ewé kẹrìndínláàádọ́ta! Màmá, ẹ wò ó! Ojú-ewé kẹrìndínláàádọ́ta!"

Àwẹ̀ró ní, "Ọmọ mi, gbé apẹ̀rẹ̀."

Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé e.

"Bàbá ọdẹ, ṣé ó padà di Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

Tíṣà, ìwọ tó o ní irọ́ ni! Ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ sí i pé fìlà mìíràn wà, kó wá gbà á. Ó fèsì pé ọwọ́ òun dí, kí wọ́n gbé e wá sí etí odò fúnra wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ bi ìyá òun léèrè ibi tí wọn ó dúró sí.

Ibi tí omi ìtàn mi ti dẹ ẹsẹ̀ rèé, ibẹ̀ náà ni mo da yanrìn rẹ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, kó wá bù ú.